Ààyè Àdúrà Láàárín Ọjà

Ní nǹkan bí agogo méjì ọ̀sán, lẹ́yìn tí oòrùn bá ti yẹ̀ kúrò ní àtàrí, ẹ wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn aláṣọ ní Gbági Tuntun, lójú ọ̀nà Ifẹ̀ n'Íbàdàn. Ariwo ọjà kò dín kù. Àwọn alábàárù ṣì ń ru ẹrù gba àárín èrò kọjá, wọ́n ń ké "Ẹ yà lọ́nà o!" Oníbàárà ṣì ń na léèsì wò lójú oòrùn, ó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dín owó kù. Síbẹ̀, kẹ́tù oníke ti ń jáde lábẹ́ tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù kan tẹ̀ lé òmíràn. Ìrun Àìlà ti tó.

Alhája tó ń ta àǹkárá yóò jókòó sórí àpótí létí gọ́tà. Yóò rọra da omi sọ́wọ́, yóò yọ ẹnu, yóò fa omi símú, yóò fun ún jáde, yóò bọ́jú, yóò wẹ apá dé ìgúnpá, ọ̀tún ṣáájú òsì. Yóò fi ọwọ́ tútù pa orí àti etí kó tó wá kan ẹsẹ̀. Omi kẹ́tù kan ti tó o, kò sì jẹ́ fi ẹ̀kán kan ṣòfò, nítorí owó ni omi nínú ọjà. Lẹ́yìn náà ni yóò ti ìdì aṣọ méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, yóò tẹ́ ẹní sí àlàfo tó ṣí sílẹ̀, yóò fa ìborùn bo àyà, yóò sì kọjú sí gábàsì. Àlàfo náà kò ju ibi tí èèyàn kan lè forí kanlẹ̀ sí lọ. Rákà mẹ́rin ni Àìlà. Kí oníbàárà kan tó yan àwọ̀ tó wù ú tán, Alhája ti parí.

Ta ló wá ń ṣọ́ ọjà? Ìyá tó ń ta léèsì ní ṣọ́ọ̀bù kejì ni, onígbàgbọ́ tó lẹ àwòrán Jésù mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

"Ẹ bá mi mójú tó ibẹ̀ o, Mummy, mo fẹ́ kírun."

"Ó ti yá, Alhája. Ẹ fi tiwa náà sí i o."

Bí oníbàárà bá dé, ìyá yìí á ní kó fìdí lélẹ̀, pé ẹni tó ni ọjà ń kírun lọ́wọ́, kò ní pẹ́. Bí oníbàárà bá ń kánjú, á tà á fún un. Ó mọ iye tí wọ́n ń ta àǹkárá yáàdì mẹ́fà, ó mọ ibi tí ẹ̀dínwó mọ, owó náà á sì pé pérépéré lábẹ́ aṣọ tí wọ́n fi bo tábìlì. Ní àárọ̀ tí àwọn onígbàgbọ́ bá ń ṣe ìpàdé àdúrà kí ọjà tó kún, Alhája ló máa ń gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ìyá léèsì, á bá a ṣílẹ̀kùn, á sì gbálẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù méjèèjì pọ̀.

Ohun tó ń wú mi lórí nìyí. Ẹni tó ń gbàdúrà nìkan kọ́ ló ń wá ààyè, aládùúgbò rẹ̀ ló ń bá a yọ ọ́ sílẹ̀. Bí kò bá sí ìyá léèsì, ìdajì ọkàn Alhája ni ì bá wà lórí ẹní, ìdajì yòókù á wà lórí igbá.

Ẹ̀sìn Ìsìláàmù pàápàá mọ̀ pé ọmọ aráyé ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Rákà 17 ni ìrun ọ̀ranyàn fún òòjọ́, ṣùgbọ́n àkókò Àìlà gùn títí di Àlàásárì, nítorí náà ẹni tó ń wọn aṣọ lọ́wọ́ lè wọ̀n ọ́n tán. Arìnrìn-àjò lè sọ rákà mẹ́rin di méjì. Ẹni tí kò lè dìde á jókòó kí tirẹ̀, ẹni tí kò rómi á fi erùpẹ̀ mímọ́ ṣe é.

Kò yàtọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn yòókù. Àwọn àgbà ìgbàanì a máa wúre láàárọ̀ kùtù, pẹ̀lú obì àti omi tútù, kí wọ́n tó gbé àdá roko. Àdúrà rí ààyè nígbà ìpọ́njú pẹ̀lú: nígbà àjàkálẹ̀ àrùn inflúẹ́ńsà ọdún 1918, ẹgbẹ́ àdúrà kékeré kan bẹ̀rẹ̀ nínú ìjọ Áńgílíkà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ibẹ̀ wà lára ibi tí àwọn ìjọ Aládùúrà ti hù. Oníṣòwò tí kò tiẹ̀ rẹ́ni bá péjọ, ẹ wò ó nígbà àkọ́tà: á gba owó náà, á fi kan iwájú orí, á sì ní kó pe ẹgbẹ́ rẹ̀ wá. Àdúrà náà ni, kò sì ju ìmí kan lọ.

Èmi kò fara mọ́ àdúrà tó ń di títì pa lọ́jọ́ Jímọ̀ títí ọkọ̀ aláìsàn kò fi ráyè kọjá, tàbí gbohùngbohùn ìṣọ́ òru tí kò jẹ́ kí ọmọ ọwọ́ àdúgbò sùn. Ohun tí ìyá léèsì yọ̀ǹda tọkàntọkàn ni irú wọn ń fi tipátipá gbà. Mo sì ń kan sáárá sí ọ̀gá iléeṣẹ́ tó bá ya igun kan sọ́tọ̀, tó gbé omi síbẹ̀, tí kò sì ka ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ọ̀lẹ.

Nínú àwọn ìrun òòjọ́, Màgàríbì ló le jù láti ráyè fún, nítorí àkókò rẹ̀ kì í pẹ́ lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó nígbà ààwẹ̀ Ràmàdáánì, dẹ́rẹ́bà á yà sí ilé epo tó ní mọ́ṣáláṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn alááwẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣàlùwàlá. Àwọn tí kò gbààwẹ̀ á jókòó ti ẹrù gbogbo ọkọ̀, wọ́n á máa ra ọsàn àti àkàrà lójú fèrèsé. Nígbà tí àwọn olùkírun bá dé, ẹnì kan á ti gbé ọ̀rá dàbínù àti omi inú ọ̀rá yí ká, ẹni tó gbààwẹ̀ àti ẹni tí kò gbà á á jọ mú níbẹ̀, kọ́ńdọ́ á ka èrò lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n á sì ṣíná sọ́kọ̀.