Fẹ́sípà Tí A Sọ Di Tuntun

Ẹni tó bá ní òun fẹ́ dá Fẹ́sípà àtijọ́ padà sí bó ṣe wà nígbà tó jáde ní ilé iṣẹ́, ìbéèrè wa kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ́ńjìnnì ni àbí ọ̀dà?

Ní ti ẹ́ńjìnnì, a ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Tú-sìtíróòkù ni, inú bẹntiróòlù la ti ń po ọ́ìlì rẹ̀ mọ́ ọn, fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, 20 mílílítà sí lítà kan. Tó bá kéré jù, písítìnì á gbẹ, ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì. Tó bá pọ̀ jù, pílọ́ọ̀gì á dúdú, èéfín á sì bo àdúgbò. Mẹkáníìkì tó bá ń fojú díwọ̀n ọ́ìlì, ẹ yáa gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ ẹ̀.

Ìdí ọ̀dà gan-an ni ìjà wà. Àwọn kan á ha á títí yóò fi kan irin, wọ́n á fín òmíràn sí i, á wá máa dán bíi dígí. Ó rẹwà o! Ṣùgbọ́n ọ̀dà tí ilé iṣẹ́ kùn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n kùn ún. Tí a bá ti ha á dànù, àfarawé ló kù, kò sí bí ọwọ́ afínọ̀dà ṣe lè dá tó.

A ṣe é sí ti bàbá wa. Orúkọ ìyá wa, tí Bàbá fi búrọ́ọ̀ṣì kọ sẹ́yìn ẹ̀, ló kọ́kọ́ lọ. Nígbà tí a gbé e délé, Màmá yí i po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní, "Ta ló ni èyí?"