Ọmọ-ogun tó ti f2 dìde

Bí alátakò mi bá fi d4 ṣí ayò chess, Nimzo-Indian ni mo máa ń fi dúdú dáàbò bo ara mi. Ìgbésẹ̀ kẹta péré, bíṣọ́ọ̀bù mi ti jókòó sí b4, ó ń dún mọ̀huru mọ́ ẹṣin tó wà ní c3, e4 sì ti di ọ̀ràn fún funfun. Síbẹ̀, dúdú ló fìdí rẹmi nínú èyí tí mo fẹ́ràn jù: èyí tí Mikhail Botvinnik bá José Raúl Capablanca ta ní Rotterdam, níbi ìdíje AVRO, ní oṣù kọkànlá ọdún 1938.

Ọ̀ta ni Capablanca. Ọmọ Kúbà yìí ló gba adé àgbáyé ní 1921, tó dé e di 1927.

Botvinnik fi a3 lé bíṣọ́ọ̀bù, bíṣọ́ọ̀bù jẹ ẹṣin. Nígbà tó yá, Capablanca ń wá ọmọ-ogun a4 jẹ. Ó da ẹṣin rẹ̀ gba a6, b8, c6 àti a5 dé b3, kó lè dínà mọ́ ayaba funfun tó ń ṣọ́ ọ. Ó jẹ ẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹṣin yẹn kò kúrò ní b3 mọ́ títí ayò fi parí.

Ìgbésẹ̀ 30 ni gbogbo ayé ń yìn. Ní tèmi, ìgbésẹ̀ 18 ni, f3, tí Botvinnik yọwọ́ lọ́rọ̀ a4 pátápátá. Ẹ bá mi tọpa ọmọ-ogun yẹn: f3, f4, f5, ó jẹ ilé ìṣọ́ ní e6, ayaba dúdú sì dúró gbagidi níwájú rẹ̀ ní e7. Ibẹ̀, ní ìgbésẹ̀ 30 yẹn, ni bíṣọ́ọ̀bù funfun, tí kò rí iṣẹ́ gidi ṣe látìgbà tó ti wà ní b2, ti lọ fi ara rẹ̀ sílẹ̀ ní a3. Ayaba jẹ ẹ́, ọ̀nà là. Ẹṣin funfun náà kú sí h5, ayaba funfun gba g5 lọ jẹ ẹṣin f6, ọmọ-ogun wa dé e7.

Ó wá ku ọba. Bó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, dúdú á máa lé e kiri títí ayò á fi di ọ̀mì. Láti g1 ó gba f2, g3, h4, ó jẹ ọmọ-ogun h5, ó padà sí h4, wọ́n ti g4 síwájú, ó tún wọ h5. Ìgbésẹ̀ 41 nìyẹn. Ayaba dúdú kò rí ibi tí yóò ti lé e mọ́. Capablanca gbà fún un.