Ta Ni Akátá Nínú Ọ̀ràn Napster?

Àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ. Nínú awuyewuye tí Napster dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ẹnu kò kò lórí ẹni tí akátá í ṣe. Ọdún 1999 ni Napster jáde. Ó jẹ́ kí olùgbọ́ lè gba fáìlì orin láti inú kọ̀ǹpútà olùgbọ́ mìíràn láìsan kọ́bọ̀.

Lójú Lars Ulrich, onílù ẹgbẹ́ Metallica, Napster ni akátá. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2000 ni ẹgbẹ́ rẹ̀ pè é lẹ́jọ́. Ní oṣù Keje, Ulrich rojọ́ níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin àgbà pé ẹni tó ṣe iṣẹ́ ló yẹ kó pinnu bóyá yóò tà á tàbí yóò fi ta ọrẹ. Lójú olórin Courtney Love, ẹ̀wẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àwo jáde ni akátá. Nínú ọ̀rọ̀ tó sọ ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, ó ṣírò owó ẹgbẹ́ olórin kan tí àwo rẹ̀ tà ní mílíọ̀nù kan: bí ilé-iṣẹ́ bá ti yọ owó àsansílẹ̀, owó fídíò àti owó ìpolówó nínú ìpín wọn, kò sí ohun tó ṣẹ́kù.

Ìṣirò Love múná, ṣùgbọ́n kò dá Napster láre: ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ lánàá kì í dọlọ́rọ̀ nítorí pé wọ́n gba tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lónìí. Àwíjàre Ulrich náà fẹsẹ̀ múlẹ̀, àmọ́ kò ran olórin tó ti tọwọ́ bọ̀wé, tó sì ti fi àṣẹ orí orin rẹ̀ lé ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní ohun tí yóò pinnu lé lórí mọ́. Nígbà tí àṣẹ ilé-ẹjọ́ sì mú kí Napster kógbá sílé ní ọdún 2001, kò sí gbólóhùn kan tó tìtorí ìyẹn yí padà nínú àdéhùn olórin kankan.

Àwọn alágbàwí pínpín orin lọ́fẹ̀ẹ́ ní kí olórin máa jẹun lórí ìtàgé. Èrò yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá tó ti rí bí wọ́n ṣe ń lẹ owó mọ́ eléré jùjú níwájú orí lóde àríyá. Síbẹ̀, owó àríyá kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kọ̀wé orin fún ẹlòmíràn, tàbí arúgbó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gba ijó mọ́. Orin tí a sanwó rẹ̀ ni yóò máa bọ́ irú wọn nígbà tí wọ́n bá jókòó sílé.

Wọ́n lé akátá kan lọ. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí wọ́n padà wá sọ nínú ilé ni wọn kò sọ: nígbà tí olùgbọ́ bá sanwó, èló ló ń dé ọwọ́ ẹni tó kọrin?