Dùndún Nínú Pálọ̀

Òwúrọ̀ Ìsẹ́yìn, ti òfì ni. Alẹ́ ni tèmi. Bí iná bá ti dé, mo máa ń tan sítẹ́ríò, màá jókòó sí àárín sípíkà méjèèjì, màá sì fi Juju Music tí King Sunny Adé gbé jáde ní 1982 sí i.

Fáìlì FLAC ni. MP3 máa ń gé lára ohùn dànù kí fáìlì lè kéré. FLAC kì í gé nǹkan kan kúrò. CD ń wọn ohùn ní ìgbà 44,100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fáìlì tó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ lè wọ̀n ọ́n ní ìgbà 96,000. Ká sòótọ́, etí mi kì í fi bẹ́ẹ̀ dá àwọn méjì yìí mọ̀. Àmọ́ MP3 tí wọ́n fún pọ̀ jù, kíá ni mo máa ń mọ̀ ọ́n.

Dùndún ló ń tú u fó. Bí onílù bá fún ọṣán mọ́ra, tí ohùn ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀, mo ń gbọ́ bí kọ̀ǹgọ́ ṣe ba awọ. Nínú MP3 yẹn, gbogbo rẹ̀ á wọnú ara wọn. Ọ̀rọ̀ sì ni ohùn ìlù jẹ́ fún wa.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, bàbá onílù kan ládùúgbò wa ń kọjá lọ, ló bá dúró lójú fèrèsé.

Ó ní, "Ta ló ń lùlù níbẹ̀ yẹn?"