Fọ́ọ̀mù Kọ́ Ni Wíìgì: Àríwísí Lórí Ẹ̀kọ́ Òfin Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó tẹ̀dó sí Kàdúná, láti Tudun Wada títí dé Sabon Tasha, láti Kawo títí dé Kakuri, ọ̀rọ̀ tí mo mú wá sínú ìwé ìrántí wa lọ́dún yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyìn. Àríwísí ni. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ìdí nìyí tí mo fi ní n kò gbọdọ̀ dákẹ́.

Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa mú ìwé ìpolówó kan wá bá mi. Iléèwé òfin kan ní òkè òkun ló tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n sì ní orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ẹ̀kọ́ àwọn ti ń wáyé. Ọmọbìnrin bàbá yìí ti ṣe ìdánwò JAMB lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì rí àyè ka òfin. Bàbá ti rí ẹni tí yóò ra ilẹ̀ tó fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ rà. Ohun tó kù ni kí n bá a kún fọ́ọ̀mù, nítorí pé ojú rẹ̀ kò gbé kọ̀ǹpútà mọ́. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo kà á tán, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ta ilẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí nínú ìwé náà. Ojú ewé àkọ́kọ́ jẹ́ àwòrán ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó dé wíìgì, tó wọ aṣọ dúdú. Ojú ewé kejì sọ bí ènìyàn ṣe lè jókòó sínú ilé rẹ̀ kí ó di amòfin. Ojú ewé kẹta sọ owó, ó sì ní a lè san án díẹ̀díẹ̀. Títí mo fi ka ìwé náà dé ìparí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ń wá ìdáhùn sí: ta ni yóò gba ọmọ yìí wọlé ẹjọ́? Ìsàlẹ̀ ojú ewé tó kẹ́yìn ni mo ti rí ìdáhùn náà, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Wọ́n ní ojúṣe akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ni láti wádìí bóyá orílẹ̀-èdè tí ó ti fẹ́ ṣiṣẹ́ yóò gba ìwé ẹ̀rí náà. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ní owó ìforúkọsílẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń dá padà. Ìwé náà kò parọ́. Ohun tó yẹ kí ó fi ṣíwájú ló fi sẹ́yìn, ohun tó yẹ kó kọ ní lẹ́tà gàdàgbà ló kọ ní lẹ́tà wínníwínní. Ìyẹn ni ẹ̀sùn mi.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé bàbá náà gọ̀. Ó ní ohun tó ń lé e. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Bí yunifásítì ìjọba àpapọ̀ bá fẹ́ gba ọmọ wọlé, ìlànà tí a ti ń gbọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé ìdá 45 nínú 100 wà fún ẹni tó ṣe dáadáa jù lọ, 35 wà fún àwọn ìpínlẹ̀ tó yí iléèwé náà ká, 20 sì wà fún àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ní ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ tí a bí sí Kakuri, tó lọ sí iléèwé ní Barnawa, tó gbọ́ Haúsá ju Yorùbá lọ, tí ìwé ìbílẹ̀ rẹ̀ sì ti Ọ̀yọ́ tàbí Ọ̀ṣun wá, ọmọ Àríwá kọ́ ni ní ojú fọ́ọ̀mù. Bí ó bá mú Ahmadu Bello University ní Zaria, inú ìdá 45 yẹn nìkan ló ti lè bá wọn du àyè. Àwọn ọmọ wa tí ilé bàbá wọn wà ní Kwara tàbí Kogi rọ́nà díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé a máa ń ka ìpínlẹ̀ méjèèjì mọ́ ti Àríwá. Bí ọmọ Ọ̀yọ́ yìí bá sì yíjú sílé, yóò bá ọgọ́ọ̀rọ̀ ọmọ mìíràn níbẹ̀ tó fẹ́ ka òfin kan náà. Iléèwé orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í béèrè ìwé ìbílẹ̀. Kì í béèrè pé níbo ni wọ́n ti sin bàbá bàbá rẹ. Fún ẹni tó ń gbé ìlú onílùú, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Lẹ́yìn tí wọ́n kọlu ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kàdúná ní oṣù kẹta ọdún 2022, òbí wo ni inú rẹ̀ kò ní dùn pé ọmọ òun lè kàwé láìrìnrìn àjò?

Ẹ̀kọ́ àkàgbà láti ọ̀nà jíjìn kì í ṣe ohun àbùkù láàárín wa. Olóyè Ọbafẹmi Awolọwọ jókòó sí ilẹ̀ wa níbí, ó ka ìwé fún Yunifásítì Lọ́ńdọ́ọ̀nù láti òkèèrè, ó sì gba oyè B.Com. ní ọdún 1944. Nelson Mandela ka òfin nínú ẹ̀wọ̀n. Ní ọdún 1989 ni Yunifásítì South Africa, UNISA, fún un ní oyè LL.B. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Awolọwọ ṣe nígbà tí ó fẹ́ di lọ́yà. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ó sì wọ Inner Temple, níbi tí wọ́n ti pè é sí ẹgbẹ́ amòfin ní oṣù kọkànlá ọdún 1946. Inner Temple yìí kan náà ni Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó jẹ́ lọ́yà àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa, ti gba tirẹ̀ ní ọdún 1879. Ìwé kíkà ń sọ ènìyàn di ọ̀mọ̀wé. Àṣẹ láti dúró níwájú adájọ́, ilẹ̀kùn mìíràn ni, ẹni mìíràn ló sì mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ní Nàìjíríà, láti ọdún 1962 ni kọ́kọ́rọ́ yẹn ti wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní Council of Legal Education. Àwọn ló ń darí Law School. Ẹni tó bá gba LL.B. ní yunifásítì yóò lọ sí Law School, yóò ṣe ìdánwò wọn, yóò bá àwọn àgbà amòfin jẹun alẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìlànà, lẹ́yìn náà ni Body of Benchers yóò tó pè é. Ẹni tó bá ka òfin ní òkè òkun yóò kọ́kọ́ ṣe Bar Part I kí ó tó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe Bar Part II. Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè bá ènìyàn jẹ oúnjẹ alẹ́ yẹn.

Ohun tó yẹ kí ó kọ́ wa lọ́gbọ́n wà nílé níbí. Ìjọba dá National Open University sílẹ̀ ní ọdún 1983. Ìjọba ológun Ọ̀gágun Muhammadu Buhari tì í pa ní ọdún 1984. Ìjọba Olóyè Oluṣẹgun Ọbasanjọ ló jí i dìde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, orúkọ rẹ̀ sì di NOUN. Wọ́n dá ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ káàkiri, Kàdúná náà ní tirẹ̀. Òfin wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ ènìyàn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ọlọ́pàá, olùkọ́, àwọn ìyá tó ti bímọ tán, wọ́n gba fọ́ọ̀mù, wọ́n sanwó, wọ́n fi ọdún márùn-ún kàwé lálaalẹ́. Nígbà tí wọ́n gboyè tán, Law School kò gbà wọ́n. Ìgbìmọ̀ náà ní ẹ̀kọ́ tí a gbà láti ọ̀nà jíjìn kò bá ìlànà àwọn mu. Àríyànjiyàn náà gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù kejìlá ọdún 2018 ni Ààrẹ Buhari, ẹni kan náà tí ìjọba rẹ̀ ti iléèwé yẹn pa ní 1984, fọwọ́ sí àtúnṣe òfin tó ní kí NOUN dúró bí yunifásítì yòókù. Síbẹ̀, fífọwọ́ sí òfin kò dá ọdún tó ti lọ padà fún ẹni tó ti di ẹni àádọ́ta ọdún lẹ́nu ọ̀nà.

Ta ló jẹ̀bi? Èmi kò dá akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́bi. Ọwọ́ ọ̀tún ìjọba ló ta fọ́ọ̀mù, ọwọ́ òsì ìjọba ló ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì mọ̀, tàbí ó yẹ kí ó mọ̀, pé ọkọ̀ náà kò ní dé ibùdó tí wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì. Bí iléèwé bá fẹ́ kọ́ àwọn ènìyàn ní òfin lásán kí ìmọ̀ wọn lè pọ̀, kò sí àléébù níbẹ̀, kí wọ́n ṣáà sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gbowó.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Concord Law School bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní òfin lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 1998. Ẹni tó bá jáde níbẹ̀ lè ṣe ìdánwò lọ́yà ní California, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn kò gbà á, nítorí pé American Bar Association kò fọwọ́ sí iléèwé náà. Ìyẹn ni pé ènìyàn lè jẹ́ lọ́yà ní Los Angeles kí ó má lè jẹ́ ẹ ní Houston. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní òkè òkun, ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí pé àwọn ọmọ wa níbẹ̀ náà ń gba irú fọ́ọ̀mù yìí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí á tó kó ẹrù sórí, ẹ jẹ́ kí á béèrè bóyá ọ̀nà tí wọ́n fi hàn wá wọ ọjà lóòótọ́. Ìbéèrè mẹ́rin ni mo ní kí òbí béèrè. Èkíní, ṣé orúkọ iléèwé yìí wà lára àwọn tí Council of Legal Education fọwọ́ sí lónìí, kì í ṣe lọ́dún tó ń bọ̀? Èkejì, iye ọmọ mélòó ni wọ́n gbà kí iléèwé náà máa kó lọ sí Law School lọ́dún? Iléèwé tí ènìyàn ń fẹsẹ̀ rìn lọ pàápàá ní iye tí kò gbọdọ̀ kọjá, àwọn tí ó gba ọmọ kọjá iye tiwọn sì ti fi ọmọ ọlọ́mọ sílé fún ọdún gbọọrọ. Ẹ̀kẹta, bí òkè òkun bá ni, ṣé Law School yóò gbà á fún Bar Part I bí ó bá jẹ́ pé inú ilé ló ti kà á? Ẹ̀kẹrin, bí ilẹ̀kùn bá tì, kí ni ọmọ yìí lè fi ìwé ẹ̀rí náà ṣe? Kí wọ́n kọ ìdáhùn sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu aṣojú iléèwé kò tó.

Ẹgbẹ́ wa náà jẹ nínú ẹ̀bi. A ní àwọn lọ́yà láàárín wa. Ọdọọdún là ń pè wọ́n sórí tábìlì ọlọ́lá, tí à ń kí wọn, tí wọ́n ń dáwó. A kò tíì ní kí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn jókòó pẹ̀lú àwọn òbí kí ó bá wọn ka fọ́ọ̀mù. Ọjọ́ kan péré nínú ọdún tó fún iṣẹ́ yìí, kò sì ní ná wa ní iye tí a ń ná sórí àǹkárá ẹgbẹ́.

Ní ti bàbá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀, ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ló jókòó kọ lẹ́tà sí Council. Lẹ́tà náà dára, ó mọ́lẹ̀, ó sì béèrè ohun tó yẹ. Nígbà tí mo kà á tán, mo sọ fún bàbá rẹ̀ pé orí lọ́yà wà lọ́rùn ọmọ yìí, ọ̀nà ló kù. A ń retí èsì. Ilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí á fi owó ra ìbànújẹ́ fún àwọn ọmọ wa. Àmín.