Nígbà Tí A Fojú Kan Poly-Rythmo

Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a dàgbà láàárín Manigri àti Pénéssoulou, etí nìkan la fi mọ Orchestre Poly-Rythmo de Cotonou. Rédíò àwọn bàbá wa, kásẹ́ẹ̀tì tí okùn rẹ̀ ti ń já, ọkọ̀ akérò tó ń bọ̀ láti Djougou: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọrin fún wa. Ìlú wa jìnnà sí Kútọnu, ó lé ní 350 kìlómítà, ẹgbẹ́ olórin ńlá kì í sì í yà sọ́dọ̀ wa. Orin àríyá lásán la kà á sí, orin tí a ń fi èdè Fọ̀n tí a kò gbọ́ kọ. Èrò yìí la gbé dé Yunifásítì Abomey-Calavi, títí di alẹ́ ọjọ́ kan tí a rí wọn lójúkorojú ní Kútọnu, kí Mélomé Clément, ẹni tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1968, tó papò dà ní oṣù Kejìlá ọdún 2012.

Ohun tí ojú wa kọ́kọ́ rí, tí etí wa kò sọ fún wa rí, ni iṣẹ́ gìtá báàsì. Nínú àwọn àwo àtijọ́, tí wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré gba ohùn ọ̀pọ̀ nínú wọn, báàsì a máa rì sínú ìlù. Lórí ìtàgé, a rí i pé Gustave Bentho ló di ìyáàlù mú. Ohun tó bá fi gìtá rẹ̀ sọ ni ìlù ń dáhùn. Àwọn gìtá yòókù jẹ́ omele, wọn kò kúrò lójú kan. Àṣé ìlù sató ni wọ́n tú palẹ̀, tí wọ́n pín fún irin àti okùn. Sató sì rèé, ìlù tí àwọn Fọ̀n ń lù láti fi rántí òkú wọn ni. Bákan náà ni ìlù Sakpata, òrìṣà tí àwa ń pè ní Ṣànpọ̀nná, wà nínú orin wọn. Láti alẹ́ ọjọ́ náà, a kò tún lè pè é ní orin àríyá lásán.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dùn. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń pariwo débi pé ó gbé ohùn fèrè mì. Àwọn ènìyàn pàtàkì jókòó síwájú bí ẹni tó wá síbi ìpàdé, nígbà tí àwọn tó fẹ́ jó há sẹ́yìn lẹ́bàá ògiri. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ta gìtá ní ipò Papillon, olóògbé Bernard Zoundegnon, ní ìka tó yá gan-an. Ohun tí kò ní ni sùúrù. Papillon a máa jẹ́ kí okùn sinmi, kí olùgbọ́ máa retí rẹ̀; èyí kò fi àyè kankan sílẹ̀. Lohento Eskill náà ti kú ní 2006, àyè ohùn rẹ̀ sì ṣófo. Vincent Ahéhéhinnou ò lè gun òkè orin bíi ti àwo mọ́, ṣùgbọ́n ibi tí ohùn rẹ̀ ti ń ha yẹn gan-an ló gún wa lọ́kàn jù.

Àwọn ọ̀rẹ́ wa kan nínú ẹgbẹ́ yìí sọ pé Cotonou Club, àwo ọdún 2011 tí Angélique Kidjo bá wọn kọ orin kan nínú rẹ̀, ló dára jù nítorí pé ó mọ́. A kò fara mọ́ ọn. Ó mọ́ lóòótọ́, bí ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní ọ̀dà. Àwọn àwo Albarika Store, tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ àlùbáríkà tiwa, ní eruku lára, a sì tún ń gbọ́ ẹ̀mí ènìyàn nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ ohun kan. Ọdún 2009 ni àwọn ará Yúróòpù tó rí wọn lórí ìtàgé fún ìgbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn tí Analog Africa ti kó orin wọn jọ sínú The Vodoun Effect ní 2008. Àwa tí a jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ìgbà tí a gbọ́ pé Paris ti pàtẹ́wọ́ fún wọn la tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ìtìjú ni, a kò sì mọ bí a ṣe lè sọ ọ́ kó má korò.

Ní sáà yìí, a gbé ọ̀kan nínú àwọn orin àtijọ́ náà sí etígbọ̀ọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ọmọbìnrin kan béèrè pé: “Mẹ̀sìyé, ṣé àwọn tó ń kọ ọ́ ṣì wà láyé?” A ní díẹ̀ wà, púpọ̀ ti lọ. Inú rẹ̀ kò dùn sí ìdáhùn náà. A wá fi ọwọ́ lu ohùn báàsì lórí tábìlì, a ní kí wọ́n fi àtẹ́wọ́ dá a lóhùn. Ó gbà wá ní àkókò, wọ́n ń sáré jù; nígbà tó yá, ó bọ́ sójú ọ̀nà. Ọmọ Kotokoli kan tó jókòó lẹ́yìn ní ìlù kan wà nílé bàbá àgbà òun tó ń sọ̀rọ̀ báyìí. A ní kó gbé e wá lọ́jọ́ Ẹtì.