Ìtàn Àárín Ìràwọ̀: Ẹ Jẹ́ Kí A Kọ́kọ́ Wo Ìwà Ẹ̀dá Inú Rẹ̀



Ní Kìṣí níbí, bí òjò bá dá tán tí iná mànàmáná sì lọ lálẹ́, ojú ọ̀run a máa mọ́ kedere. Àwọn ọmọ á tẹ́ ẹní síta, wọn á nà gbalaja, wọn á sì máa bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni ń gbé inú àwọn ìràwọ̀ yẹn. Ìbéèrè yìí kan náà ni àwọn òǹkọ̀wé kan fi ń jẹun ní òkèèrè. Wọ́n ń kọ ìtàn àròsọ nípa àwọn tí ń wọ ọkọ̀ la gbalasa òfurufú kọjá láti ayé kan dé òmíràn, tí ogun, òwò àti ìjọba sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lọ́dọ̀ wa. Púpọ̀ nínú wọn kò ju ariwo ìbọn lọ. Mo ti ka mélòó kan tí n kò rántí orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́. Àwọn tí mo fẹ́ kí ẹ kà ni àwọn tí òǹkọ̀wé wọn mọ ìfìwàwẹ̀dá.

Ẹ wo Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ, tí ó jáde ní 1938. Ẹni tí ó kà á nígbà èwe lè ti gbàgbé ọ̀nà tí àwọn ọdẹ náà gbà dé Òkè Láńgbòdó, ṣùgbọ́n kò ní gbàgbé Kàkó àti kùmọ̀ rẹ̀, tàbí ọgbọ́n Ìmọ̀dóye, tàbí ohùn Olóhùn-iyọ̀. Bí ẹ bá kó irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kúrò nínú igbó, tí ẹ kó wọn sínú ọkọ̀ tí ń rìn láàrin ìràwọ̀, irú ìwé tí mò ń sọ nìyẹn.

Èyí tí ó dá awuyewuye sílẹ̀ nínú ilé wa ni Binti. Nnedi Okorafor, ọmọ Ígbò tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà, ni ó kọ ọ́. Ó jáde ní 2015, ó sì gba ẹ̀bùn Nebula àti Hugo. Ìwé kékeré ni. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ lè parí rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ọmọbìnrin ọdún 16 ni Binti, láti inú ẹ̀yà Himba, àwọn tí ń fi amọ̀ pupa para ní Nàmíbíà. Ó mọ ìṣirò tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi fojú sí i pé òun ni yóò jogún ṣọ́ọ̀bù iṣẹ́ ọwọ́ òun. Yunifásítì Oomza, tí ó wà ní ayé mìíràn, gbà á wọlé. Kò sí ọmọ Himba kan tí ó débẹ̀ rí. Àwọn ará ilé kò fẹ́. Ó di ẹrù rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ó sá lọ.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin, tí òun náà ń retí ìwé ìgbaniwọlé nígbà náà, ni ó ń kà á. Ìyá rẹ̀ bèèrè ohun tí ó wà nínú ìwé, ọmọ sì sọ òótọ́ fún un. Ìyá gba ìwé, ó tì í mọ́nú àpótí. Ó ní, "Ṣé ìwé tí yóò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sá nílé ni o ń kà?" Èmi tí mo ra ìwé ni wọ́n gbé ẹjọ́ wá bá.

N kò dá a lẹ́bi. Ẹni tí ọmọbìnrin rẹ̀ fẹ́ lọ gbé Ìlọrin tàbí Ìbàdàn fún ọdún mẹ́rin mọ ohun tí ń jẹ́ àìsùn. Mo kàn bẹ̀ ẹ́ pé kí a kà á dé òpin kí a tó dájọ́. Èmi ń kà, mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún un lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́. Lójú ọ̀nà, àwọn ẹ̀dá kan tí ń jẹ́ Meduse já wọ ọkọ̀, wọ́n sì pa gbogbo èrò inú rẹ̀ àfi Binti àti awakọ̀. Ọmọ yìí kò ní ìbọn. Amọ̀ pupa ilé wọn, tí àwọn ẹlòmíràn fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀, ni ó di oògùn ọgbẹ́ fún ọ̀tá. Ó sì fetí sílẹ̀ títí ó fi gbọ́ ohun tí ń bí wọn nínú: àwọn ọ̀mọ̀wé Oomza ti jí oró tí ó wà lára ọba wọn, wọ́n gbé e sí ilé ìṣẹ̀m̀báyé fún ìwòran. Ẹni tí ó bá mọ̀ nípa ère idẹ Bìní tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó lọ ní 1897 kò nílò àlàyé níbí. Binti wá di alárinà.

Àléébù rẹ̀ ni pé ìparí rẹ̀ yára jù. Ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó kú kò tíì gbẹ tí wọ́n ti bá àwọn apànìyàn rẹ́.

Ìwé kejì, Binti: Home, tí ó jáde ní 2017, ni ó tu ìyá yìí lójú. Binti padà sílé pẹ̀lú Okwu, Meduse tí ó ti di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kò fi ọ̀rọ̀ bò fún un. Ó ka ohun tí sísá rẹ̀ ti dá sílẹ̀ nínú ilé sí i létí. Òǹkọ̀wé kò sọ pé ó dára kí ọmọ sá lọ, kò sì sọ pé kí ó má kàwé. Ó jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rojọ́. Òbí tí ó bá fẹ́ ra ti àkọ́kọ́ fún ọmọ rẹ̀, kí ó rà á pọ̀ mọ́ èkejì.

Òmíràn tí mo fẹ́ràn ni ìtàn Miles Vorkosigan, tí Lois McMaster Bujold, ará Amẹ́ríkà, kọ ní ọ̀pọ̀ ìwé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí The Warrior's Apprentice, ti 1986. Ọ̀tá fi májèlé kọlu ìyá Miles nígbà tí ó wà nínú oyún, egungun rẹ̀ sì di ẹlẹgẹ́, ó kúrú, ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́. Inú àwọn jagunjagun ni wọ́n bí i sí, níbi tí wọ́n ti ń kórìíra aláàbọ̀ ara. Bàbá bàbá rẹ̀ kò tilẹ̀ gbà kí wọ́n fi orúkọ òun sọ ọ́. Àwa tí a mọ ohun tí ìsọmọlórúkọ jẹ́, ẹ rò ó wò. Ó lọ ṣe ìdánwò iṣẹ́ ológun, ó fò láti orí ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kán. Ẹnu ni ó kù fún un, ẹnu náà ni ó sì fi di ọ̀gágun àwọn ọmọ ogun tí wọn kò mọ ẹni tí ó jẹ́. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n Miles a máa purọ́, mo sì rò pé òǹkọ̀wé ń gbè é. Àfi ìgbà tí mo dé Memory, ti 1996: ó purọ́ nínú ìròyìn tí ó kọ sí ọ̀gá rẹ̀, iṣẹ́ tí ó fẹ́ràn ju ẹ̀mí rẹ̀ lọ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ni òǹkọ̀wé fi dá owó irọ́ náà dúró kí ó tó gbà á.

Ti ọmọ wa náà wà níbẹ̀. Tade Thompson, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní London tí ó dàgbà ní Nàìjíríà, dókítà àárẹ̀ ọpọlọ ni. Ìwé rẹ̀ Rosewater gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019. Far from the Light of Heaven, ti 2021, ni mo ń sọ. Michelle Campion jí lẹ́yìn oorun ọdún mẹ́wàá nínú ọkọ̀ Ragtime, ó sì rí i pé wọ́n ti pa 31 nínú èrò tí ó wà ní ìkáwọ́ òun. Rasheed Fin ni wọ́n rán láti wádìí. Èkó tí ó wà ní gbalasa òfurufú náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọmọ gómìnà rẹ̀ tí ń jẹ́ Jókẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí orúkọ Rasheed retí wàásù. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Kí àwọn ọmọ kékeré fi í sílẹ̀ ná. Ìṣẹ̀lẹ̀ rọ́ lu ara wọn ní ìparí rẹ̀, Jókẹ́ kò sì rí àyè tó.

Èdè Òyìnbó ni gbogbo wọn, ìyẹn sì ń dùn mí. Ọmọ àbúrò mi ti wà ní Ìlọrin báyìí. Ìyá rẹ̀ ni ó sìn ín dé ibùdókọ̀. The Night Masquerade, tí ó jẹ́ ìkẹta Binti, jáde ní 2018. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ìyá náà bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo ní kí ó ní sùúrù, ọmọ rẹ̀ ti gbé e lọ.